Ta Ni Ó Fi Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury Jẹ?

Nígbà tí ìròyìn dé láti Ìlú Ọba ní ọjọ́ 3, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, pé Sarah Mullally, Bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù, ni a ti yàn láti jókòó sórí àga Canterbury, ariwo kan ṣoṣo ni ó gba ilẹ̀ wa kan: wọ́n ti fi obìnrin ṣe Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà! Láti ìgbà tí Augustine ti gúnlẹ̀ ní ọdún 597, ọkùnrin ni gbogbo àwọn tí ó ti jókòó níbẹ̀. Obìnrin yìí, tí ó ti fi ìgbà kan rí jẹ́ olórí àwọn nọ́ọ̀sì ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ẹni 106. Ìjọ Áńgílíkà Nàìjíríà kò fi ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó wí ní gbangba pé òun kò lè gba irú yíyàn bẹ́ẹ̀ wọlé.

Àwa kò sọ pé ọ̀rọ̀ náà kéré. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ìjọ ni, àwọn tí a sì fi ẹ̀kọ́ ìjọ lé lọ́wọ́ ni ó yẹ kí ó jà á. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn wà tí a kò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe lórí àga ìwàásù, ìbáà ṣe nínú yàrá àwọn olùkọ́, ìbáà ṣe ní ibi ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú. Ìbéèrè náà ni pé: ta ni ó yàn án? Ọwọ́ ta ni agbára wà láti fi ẹnì kan, ọkùnrin tàbí obìnrin, ṣe baba fún àwọn Kristẹni tí ó wà ní Èkìtì, ní Kampala àti ní Sydney? Ẹni tí ó bá wádìí èyí yóò rí i pé bí ó bá ṣe ọkùnrin tí ó jẹ́ ẹni mímọ́ jù lọ ní ayé ni wọ́n yàn, ìjà gidi náà ìbá ṣì wà nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tọ ọ̀nà náà láti ìdí rẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan wà tí àwọn tí ó ní ìbò nínú rẹ̀ jẹ́ ènìyàn 17. Olótùú Ìjọba ni ó ń yan alága rẹ̀. Ẹni tí a sì yàn lọ́tẹ̀ yìí ni Lọ́ọ̀dù Evans, tí ó ti fi ìgbà kan rí jẹ́ ọ̀gá pátápátá fún M.I.5, èyíinì ni àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A kò sọ pé ọkùnrin náà kò mọ Ọlọ́run. Ohun tí a ń sọ ni pé ìjọba ni ó rán an wá síbẹ̀. Nínú ènìyàn 17 náà, márùn-ún péré ni ó dúró fún gbogbo ìjọ Áńgílíkà tí ó wà lẹ́yìn òde Ìlú Ọba. Kí ó sì tó di ọdún 2022 tí wọ́n tún òfin náà ṣe, ẹnì kan ṣoṣo ni. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn olùdìbò bá ti fẹnu kò, orúkọ a lọ sọ́dọ̀ Olótùú Ìjọba, Olótùú Ìjọba a gbé e tọ Ọba lọ, Ọba a sì fi ọwọ́ sí i.

Ó ku ibì kan tí ó pa wá lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí gbogbo èyí bá ti parí, Ọba a kọ̀wé sí àwọn àlùfáà Kàtídírà Canterbury pé òun yọ̀ǹda fún wọn láti yan bíṣọ́ọ̀bù fún ara wọn. Ṣùgbọ́n ìwé kejì a máa bá ìwé yìí rìn, orúkọ ẹni tí wọn yóò yàn sì ti wà nínú rẹ̀! Láti ayé Ọba Henry Kẹjọ ni òfin yìí ti wà. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, àlùfáà tí ó bá kọ̀ láti yan ẹni tí Ọba fẹ́ lè pàdánù gbogbo ohun ìní rẹ̀, kí ó sì tún fi ẹ̀wọ̀n gbára; ọdún 1967 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ìjìyà náà yọ kúrò nínú òfin. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ àwọn afọbajẹ ti rí ní ilẹ̀ wa láti ìgbà Òfin Ìjòyè tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe ní ọdún 1957, ọ̀rọ̀ yìí kò ní í ṣe yín ní kàyéfì púpọ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwọn afọbajẹ tiwa a máa jà, wọn a máa gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù. Àwọn ti Canterbury kì í jà.

Àwọn agbẹnusọ Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì yóò wí pé àṣà lásán ni gbogbo èyí jẹ́, pé láti ọdún 2007 tí Gordon Brown ti wà lórí àlééfà ni Olótùú Ìjọba ti jọ̀wọ́ agbára rẹ̀ láti mú èyí tí ó wù ú nínú orúkọ méjì, tí ó sì ń gbé orúkọ kan tí ìgbìmọ̀ fi ránṣẹ́ lọ fún Ọba bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àṣà tí òfin wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe àṣà lásán. Ẹ wo irú òfin tí ó wà níbẹ̀: Olótùú Ìjọba lè jẹ́ ẹlẹ́sìn Híńdù, gẹ́gẹ́ bí Rishi Sunak ti jẹ́ láti ọdún 2022 títí di 2024, kí ó sì máa gba Ọba nímọ̀ràn nípa ẹni tí yóò di bíṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1829 sọ pé ọmọ Ìjọ Àgùdà kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Bí a ti wọlé náà ni a ń jáde. Nígbà tí Justin Welby fẹ́ fi ipò sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, nítorí ìwádìí tí ó fi hàn pé ìjọ kò ṣe ohun tí ó yẹ lórí ìwà ìkà tí John Smyth hù sí àwọn ọmọdékùnrin, ìyọ̀ǹda Ọba ni ó kọ́kọ́ tọrọ.

Níbo ni okùn yìí ti ṣẹ̀ wá? Ẹ̀yin olùkọ́ mọ ìtàn náà ju ẹnikẹ́ni lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìyàwó mẹ́fà Ọba Henry ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sábà máa ń rántí, tí wọn a sì gbàgbé èyí tí ó kù. Ní ọdún 1521, Póòpù fi oyè Olùgbèjà Ìgbàgbọ́ dá Henry lọ́lá nítorí ìwé tí ó kọ láti tako Luther. Ní ọdún 1534, Henry yìí kan náà mú kí àwọn aṣòfin rẹ̀ ṣe òfin pé òun ni olórí Ìjọ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé Póòpù kọ̀ láti tú ìgbéyàwó rẹ̀ ká. Láàárín ọdún 1536 sí 1540, ó ti gba ilẹ̀ àti ilé àwọn mọ́ńkì, ó sì pín ọ̀pọ̀ rẹ̀ fún àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí Elizabeth ọmọ rẹ̀ jọba, òfin ọdún 1559 yí orúkọ oyè náà padà díẹ̀, ó di Alákòóso Àgbà Ìjọ, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè gbé e mì pé ẹlẹ́ran ara, pàápàá obìnrin, jẹ́ orí ìjọ Kristi. Oyè Olùgbèjà Ìgbàgbọ́ tí Póòpù fi fún Henry wà lára owó Ìlú Ọba títí di òní. Wọ́n lé ẹni tí ó fún wọn lóyè, wọn kò dá oyè padà.

Májẹ̀mú tí wọ́n dá nígbà náà rọrùn láti sọ: adé yóò dáàbò bo ìjọ, ìjọ yóò sì máa gbé adé níyì. Ohun tí ó ṣòro ni láti mọ iye tí ìjọ san. Ẹ jẹ́ kí a mú ọdún 1927 ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù àti àwọn aṣojú ìjọ ti jókòó fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n tún Ìwé Àdúrà wọn ṣe, wọ́n dìbò sí i, wọ́n sì fẹnu kò. Kí wọ́n tó lè lò ó, ó di dandan kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin fọwọ́ sí i. Ilé náà kọ̀ ọ́. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n gbé e padà wá ní ọdún 1928. Ilé náà tún kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Lára àwọn tí ó dìbò ta ko àdúrà àwọn ọmọ Áńgílíkà ni a ti rí àwọn tí kì í ṣe ọmọ Áńgílíkà rárá, àwọn aṣòfin láti Skọ́tílándì àti àwọn ọmọ ìjọ mìíràn. Àgbà ìjọ kúnlẹ̀ níwájú àwọn olóṣèlú kí wọ́n tó lè mọ ọ̀rọ̀ tí wọn yóò bá Ọlọ́run sọ! Ọdún 1974 ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ dẹ okùn náà lọ́rùn wọn, tí ìjọ fi lè tún ìsìn rẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀, síbẹ̀ wọn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ipò Ìwé Àdúrà àtijọ́ láìgba àṣẹ.

Kí a má ṣe rò pé ìjọ nìkan ni okùn náà so. Ó so ọba pẹ̀lú. Òfin ọdún 1701 ni ó pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tí yóò bá jọba ní Ìlú Ọba gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ó ń bá Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Títí di ọdún 2015, ẹni tí ó bá fẹ́ ọmọ Ìjọ Àgùdà ti pàdánù adé nìyẹn. Àwọn ará Èkó ní ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí ní àárín ìlú wọn. Ní ọjọ́ 21, oṣù kẹrin, ọdún 1925, Àrẹ̀mọ Ọba Gẹ̀ẹ́sì wá sí Èkó, ó sì fi ìpìlẹ̀ Kàtídírà tí ó wà ní Marina lélẹ̀. Àrẹ̀mọ náà ni ó di Ọba Edward Kẹjọ ní oṣù kìíní ọdún 1936, òun náà ni ó sì fi adé sílẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, nítorí pé obìnrin tí ó fẹ́ fi ṣe aya ti kọ ọkọ sílẹ̀ rí, ìjọ tí ó jẹ́ alákòóso rẹ̀ kò sì fara mọ́ irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tí ó fi òkúta ìpìlẹ̀ ilé Ọlọ́run lélẹ̀ ní Marina ni ìjọ kò jẹ́ kí ó di ọ̀pá àṣẹ mú. Àwọn tí ó wà láyé nígbà náà kò gbàgbé bí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Lang ti bọ́ sórí rédíò lẹ́yìn tí ọba ti lọ, tí ó ń bá ẹni tí ó ti ṣubú wí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìlú Ọba gan-an ni ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́.

Ṣùgbọ́n òfin ìjọ tí kò lè tẹ̀ fún Edward ti tẹ̀ nígbà tí ó kan ẹlòmíràn. Ní ọdún 2002, Sínódù Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì gbà pé ẹni tí ó ti kọ aya tàbí ọkọ sílẹ̀ lè tún ìgbéyàwó ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì bí àlùfáà bá rí i pé ó yẹ. Ní ọdún 2005, Charles, tí ó jẹ́ Àrẹ̀mọ nígbà náà, fẹ́ Camilla níwájú akọ̀wé ìjọba ní Windsor, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà sì gbàdúrà fún wọn lẹ́yìn náà. Ní ọjọ́ 6, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, ṣọ́ọ̀ṣì yìí kan náà dé àwọn méjèèjì ládé ní Westminster. A kò fi èyí ṣe ẹlẹ́yà. Ohun tí a ń tọ́ka sí ni pé nígbà tí ẹ̀kọ́ ìjọ àti ìtẹ́ ọba bá ń gbé inú ilé kan, ó ṣòro láti mọ èyí tí ó ṣí àyè fún èkejì.

Nípa ìfọbajẹ náà fúnra rẹ̀, ọmọ Yorùbá tí ó wò ó kò ní í ṣàì rí ohun tí ó mọ̀ nínú rẹ̀. Láti orí Òkè Ólífì ni wọ́n ti mú èso tí wọ́n fi ṣe òróró. Ní Jerúsálẹ́mù ni wọ́n ti yà á sí mímọ́. Nígbà tí ó kan àtita òróró sí ọba lára, wọ́n bọ́ aṣọ ìgúnwà rẹ̀, wọ́n fi aṣọ tí a ṣe ọnà sí bò ó lójú gbogbo ayé, kò sì sí ẹ̀rọ àwòrán tí ó rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìpèbí kò ní béèrè ìdí rẹ̀. Kí wọ́n tó ta òróró náà ni Sunak, ẹlẹ́sìn Híńdù, ti ka Ìwé Kólósè fún ìjọ, àwọn àgbà ẹ̀sìn mìíràn náà sì kópa nínú ìsìn náà. Ọba ti búra pé òun yóò di ẹ̀sìn Pùròtẹ́sítáǹtì mú gẹ́gẹ́ bí òfin ti fi í lélẹ̀; Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà sì kọ́kọ́ ṣàlàyé pé ìjọ náà ń fẹ́ kí ẹlẹ́sìn gbogbo máa gbé ní òmìnira. Ní ogúnjọ́ lẹ́yìn tí ìròyìn yíyàn Mullally jáde, ní ọjọ́ 23, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, Ọba Charles àti Póòpù Leo Kẹrìnlá jùmọ̀ gbàdúrà ní gbangba ní Róòmù, èyí tí kò sí ọba Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ṣe irú rẹ̀ láti ìgbà tí Henry ti ya kúrò.

Ǹjẹ́ ohun rere kankan ti ti inú ìdè yìí jáde bí? Ó ti jáde, àìṣòótọ́ ni yóò sì jẹ́ bí a bá fi í pamọ́. Bíṣọ́ọ̀bù 26 ni òfin fún ní àga ní Ilé Àwọn Lọ́ọ̀dù. Ní ọdún 1982, lẹ́yìn tí Ìlú Ọba ti ṣẹ́gun Argentina, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Runcie kò gbà láti sọ ìsìn ìdúpẹ́ di ijó ìṣẹ́gun. Ó gbàdúrà fún àwọn tí ó ń ṣọ̀fọ̀ ní ìhà méjèèjì, inú àwọn kan nínú ìjọba kò sì dùn sí i. Ní ọdún 1985, ìjọ gbé ìwé jáde lórí ipò òṣì tí àwọn ènìyàn wà ní àwọn ìlú ńlá, ìwé náà sì ta ìjọba Thatcher lára. Ní ọdún 2022, nígbà tí ìjọba fẹ́ máa kó àwọn tí ó wá ibi ìsádi lọ sí Rwanda, àwọn bíṣọ́ọ̀bù tí ó wà ní Ilé Àwọn Lọ́ọ̀dù kọ̀wé pé ìtìjú ni fún orílẹ̀-èdè wọn. Ẹni tí kò ní ìbò wá tọrọ, tí kò sì sí ẹni tí yóò gba àga rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, lè sọ òótọ́ fún ìjọba, bí ó bá fẹ́.

Bí ó bá fẹ́ ni a wí. Nítorí ní oṣù kẹwàá ọdún 1831, nígbà tí àwọn mẹ̀kúnnù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè pé kí a fi ẹ̀tọ́ ìdìbò kún ẹ̀tọ́ wọn, bíṣọ́ọ̀bù 21 ni ó dìbò ta ko òfin náà, ìbò 41 ni òfin náà sì fi ṣubú. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: bí àwọn 21 náà bá bọ́ sí ìhà kejì, ìbò kan ni òfin náà ìbá fi wọlé. Inú bí àwọn ará Bristol tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sun ààfin bíṣọ́ọ̀bù wọn níná. Àga kan náà ni, òfin kan náà ni. Ẹni tí ó jókòó sí i ni ó yàtọ̀.

Àwọn tí ó fẹ́ kí a tú okùn náà ní ẹ̀rí tí ó lágbára lọ́wọ́. Nínú ìkànìyàn ọdún 2021 ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, ẹni 46 péré nínú 100 ni ó pe ara rẹ̀ ní Kristẹni, iye náà sì dín sí ìdajì fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n tú okùn Ìjọ Ireland ní ọdún 1871, wọ́n tú ti Wales ní ọdún 1920. Ìjọ méjèèjì kò kú. Láti Wales tí kò sí lábẹ́ adé mọ́ ni wọ́n ti mú Rowan Williams wá sí Canterbury ní ọdún 2002, nígbà tí wọ́n ń wá ọ̀mọ̀wé.

Nísinsìnyí, kí ni ó kan àwa nínú èyí? Ohun tí ó kàn wá ni pé láti inú májẹ̀mú adé àti ìjọ ni Ìjọ Áńgílíkà ti wọ ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí a dúró lórí ọdún 1851. Ní ọdún náà, Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoògùn, ẹni tí a kó lẹ́rú ní ọdún 1821, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ ní ọdún 1822, dúró níwájú Ọbabìnrin Victoria àti ọkọ rẹ̀ ní Windsor. Wọ́n bi í léèrè nípa Abẹ́òkúta àti Èkó, ó sì ṣàlàyé bí òwò ẹrú ti ń ba ilẹ̀ jẹ́. Ó gbàdúrà Olúwa ní èdè Yorùbá sétí Ọbabìnrin. Kí ọdún náà tó parí, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, wọ́n sì dá Akíntóyè padà. Àwọn oníṣẹ́ ìhìnrere C.M.S. ti ń bẹ ìjọba pé kí ó dá sí i. Ọ̀rọ̀ àwọn oníṣòwò náà sì wà níbẹ̀. Ní ọdún 1861, Èkó di ilẹ̀ adé pátápátá. Ìjọ ké pe adé pé kí ó wá gbà wá lọ́wọ́ òwò ẹrú. Adé wá, òwò ẹrú sì dópin. Ṣùgbọ́n adé kò padà lọ sílé mọ́ títí di ọdún 1960.

Ní ọdún 1864, ní Kàtídírà Canterbury, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Longley fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Ìwé àṣẹ Ọbabìnrin ni wọ́n fi ṣe é. Ọmọ Yorùbá tí yóò ṣe olùṣọ́-àgùntàn ní ilẹ̀ tí kì í ṣe ti Victoria nígbà náà, ìwé Victoria ni ó gbà! Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó C.M.S. dìde sí i ní ọdún 1890, tí wọ́n gba iṣẹ́ Odò Ọya lọ́wọ́ rẹ̀, adé kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó kú ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891, òyìnbó ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀. Kì í ṣe èèṣì pé ní ọdún 1891 yìí kan náà ni àwọn ọmọ ilẹ̀ wa kan ní Èkó dá ìjọ U.N.A. sílẹ̀, kí wọ́n lè máa ṣe àkóso ara wọn.

Owó pàápàá ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 1704, Ọbabìnrin Anne dá àpò owó kan sílẹ̀ láti ran àwọn àlùfáà tí kò ní lọ́wọ́. Àwọn tí ń tọ́jú owó náà fi í ṣòwò nínú Ilé-iṣẹ́ South Sea, tí ó ń kó ẹrú kọjá òkun. Inú àpò yìí wà lára ohun tí ó di ọrọ̀ Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, àwọn tí ń ṣe àkóso ọrọ̀ náà jẹ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ní àwọn yóò ya 100 mílíọ̀nù pọ́n-ùn sọ́tọ̀ láti fi ṣe àtúnṣe. Inú rere ọba sí àlùfáà ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìjọ Nàìjíríà dá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka tí ó ń ṣe àkóso ara rẹ̀ ní ọdún 1979, lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Olúfọ́ṣoyè. Ní ọdún 2005, ó yọ orúkọ Canterbury kúrò nínú òfin rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí a fi ń mọ ẹni tí ó jẹ́ ọmọ Áńgílíkà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, ìgbìmọ̀ kan láti inú Ìdàpọ̀ Áńgílíkà ti gbogbo ayé fúnra rẹ̀ gbé àbá jáde pé kí a má ṣe fi Canterbury ṣe òpó kan ṣoṣo mọ́, kí ipò alága lè máa yí láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Ohun tí Nàìjíríà sọ ní ogún ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n fi pè é ní alágídí, ni wọ́n wá ń kọ sínú ìwé yìí. Lójú tiwa, ìdí tí ó tọ́ jù láti ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pé obìnrin ni Mullally. Ìdí rẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ kan ni Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury jẹ́ lábẹ́ òfin ilẹ̀ náà, kò sì yẹ kí òṣìṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ kan máa jẹ́ baba fún ìjọ ilẹ̀ mìíràn.

A ti gba òmìnira náà. Kí ni a fi ń ṣe? Ní ilẹ̀ wa, ìgbìmọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù ni ó ń yan bíṣọ́ọ̀bù. Gómìnà kì í kọ orúkọ sínú àpò ìwé. Ẹsẹ 10 nínú Òfin Ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sì sọ pé ìjọba kankan kò gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀sìn kan di ẹ̀sìn ìjọba. Síbẹ̀, ẹ lọ sí ìsìn ìdúpẹ́ ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé ìdìbò, kí ẹ wo ẹni tí ó jókòó sí àga iwájú. Ẹ wo ẹni tí a ń dúró dè kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ka orúkọ àwọn tí díósíìsì fi oyè akọni ìjọ dá lọ́lá, kí ẹ sì ka iye àwọn olóṣèlú tí ó wà níbẹ̀. Ẹ béèrè ọwọ́ ẹni tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun bíṣọ́ọ̀bù ti wá. Ìdè ti Ìlú Ọba wà nínú ìwé. Ẹnikẹ́ni lè kà á, aṣòfin lè tú u, bí wọ́n ti tú ti Wales. Tiwa kò sí nínú ìwé kankan. Bíṣọ́ọ̀bù Gẹ̀ẹ́sì tí ìjọba fún ní àga lè dìde lórí àga náà kí ó bá ìjọba wí, nítorí òfin ni ó fi í síbẹ̀, kì í ṣe ojú rere ẹni tí ó wà lórí àlééfà. Bíṣọ́ọ̀bù tí ó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ gómìnà ní oṣù tí ó kọjá, kí ni yóò wí ní oṣù yìí, nígbà tí àwọn olùkọ́ kò bá rí owó oṣù wọn gbà?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ má ṣe rò pé àwọn alátakò yín nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Ẹgbẹ́ tí ó bá wà ní ìjọba ni ó ń jókòó sí àga iwájú, ẹgbẹ́ gbogbo ni ó sì ti jókòó síbẹ̀ rí.

Ohun kan wà tí ó wà ní ìkáwọ́ ìjọ láti ṣe láìdúró de Canterbury, Kigali tàbí Abuja. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin olùkọ́ tí ń ka ìwé ìròyìn yìí ni aṣojú ìjọ yín ní Sínódù díósíìsì. Nígbà tí a bá ka ìṣirò owó síta níbẹ̀, ẹ dìde, kí ẹ béèrè pé kí a ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ fún gbogbo ẹ̀bùn tí díósíìsì àti bíṣọ́ọ̀bù gbà lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn tí ń du ipò: owó, ọkọ̀, ilẹ̀, páànù ilé bíṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó fi í sílẹ̀ àti ọjọ́ tí ó fi í sílẹ̀. Kí a kà á sókè, ní èdè Yorùbá, kí a tó kọ orin ìkẹyìn.